Bí A Ṣe Ń Rí Ìwé Mú ní Láíbìrì Yunifásítì

Sísan owó ilé-ìwé kọ́ ló ń sọ èèyàn di ọmọ láíbìrì. Ọ̀tọ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ tibẹ̀. Tètè lọ ṣe é, torí bí ìdánwò bá ti sún mọ́lé, èrò a máa pọ̀ níwájú kántà. Risíìtì owó ilé-ìwé, fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì tí wọ́n ti buwọ́ lù, káàdì ìdánimọ̀ àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n sábà ń béèrè. Báàgì kì í sábà wọlé. Ẹnu ọ̀nà lo máa fi í sí, nítorí náà yọ fóònù àti owó kúrò nínú rẹ̀.

Orí pẹpẹ ni iṣẹ́ gan-an wà. Wá ìwé náà nínú kátálọ́ọ̀gù orí kọ̀ǹpútà, kí o sì kọ call number rẹ̀, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí ìwé wà lórí pẹpẹ, sílẹ̀ látòkèdélẹ̀. Orúkọ ìwé nìkan kò lè mú ọ débẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ló ń fi ètò Library of Congress ti Amẹ́ríkà to ìwé: R ni ìmọ̀ ìṣègùn, S ni iṣẹ́ àgbẹ̀, KTA ni òfin Nàìjíríà, DT 515 ni ìtàn Nàìjíríà. Ẹni tí àárò ilé bá ń sọ ní Zaria tàbí Kano, kó lọ wo PL 8821. Èdè Yorùbá ló wà níbẹ̀.

Ká ní DT 515.8 .A35 lo kọ. Wá DT ná. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e, kà á bí a ṣe ń ka owó: 76 ṣáájú 515. Àmọ́ èyí tó wà lẹ́yìn lẹ́tà tó tún yọjú, ìyẹn .A35, dẹ́símà ni. 0.35 kéré sí 0.4, nítorí náà .A35 ló ṣáájú .A4. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á rò pé 35 ju 4 lọ, wọ́n á wá ìwé kọjá ibi tó wà, wọ́n á ní olè ti gbé e. Bí ọdún bá wà nísàlẹ̀ pátápátá call number, ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà nìyẹn. Bí ẹ̀dà 1998 àti 2012 bá jọ wà níbẹ̀, mú tuntun.

Bí kò bá sí níbẹ̀ lóòótọ́, wo orí tábìlì àti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fi kó ìwé padà. Lẹ́yìn náà, béèrè ní kántà bóyá ẹnì kan ló yá a, tàbí bóyá ó wà ní reserve, níbi tí wọ́n ti ń ka ìwé fún wákàtí díẹ̀ láìgbé e lọ sílé. Ìwọ náà, má dá ìwé padà sórí pẹpẹ fúnra rẹ. Ìwé tó bá bọ́ sí àyè tí kì í ṣe tirẹ̀ ti sọnù nìyẹn.

Kí o tó gbé ìwé tí o yá jáde, ṣí i wò. Bí ojú ewé bá ti ya, fi han òṣìṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má baà kà á sí ọ lọ́rùn.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, láíbìrì ló ń forúkọ sílẹ̀ fún Research4Life (ètò tó ń jẹ́ kí a rí ìwé ìwádìí kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì), kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Lọ gba password lọ́wọ́ wọn. Hinari wà fún ìlera, AGORA fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Má tẹ gbogbo àkòrí pùrójẹ́ẹ̀tì rẹ síbi ìwákiri. Tẹ "maternal mortality" AND Kano; AND yẹn ló ń sọ pé kí méjèèjì jọ wà nínú èsì. Bí èsì bá kéré jù, fi "northern Nigeria" rọ́pò Kano, torí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùwádìí ṣe ń kọ ọ́. Èyí tí o bá rí, dáúnlóòdù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Iná kì í dágbére.

Bí ó bá ṣì ṣòro, lọ bá òṣìṣẹ́ láíbìrì. Kí i dáadáa ná ("Ina kwana", ìkíni àárọ̀ Hausa, kò burú rárá), kí o sì sọ ohun tí o ń wá, láti ọdún wo, àti ibi tí o ti wá a dé. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ìwé" nìkan kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ní ọdún àṣekágbá, bẹ̀rẹ̀ clearance láíbìrì, ìyẹn ìwé tó ń fi hàn pé o kò jẹ láíbìrì ní gbèsè, kí ìdánwò tó parí. Ìwé kan ṣoṣo tí o kò dá padà lè dá ìwé ẹ̀rí dúró. Ìwé pélébé tí wọ́n bá fún ọ nígbà tí o dá ìwé padà, tọ́jú rẹ̀ títí wọn yóò fi buwọ́ lu clearance rẹ.