Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Iṣẹ́ Ṣíṣí Ṣingọ́ọ̀mù Kúrò Lójú Títì

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fọ ojú pópó ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń dùn mí gidigidi láti rí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń da owó òógùn wọn sínú iṣẹ́ yìí láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ṣe é rí.

Èkínní, ẹ má ra ẹ̀rọ tí ń fi agbára tu omi tútù. Ṣingọ́ọ̀mù òde òní kì í ṣe oje igi mọ́. Irú rọ́bà kan tí wọ́n ń mú jáde láti ara epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe é, omi kì í sì í wọ rọ́bà. Ooru ni ó ń tú u, kì í ṣe ipá. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fọ iwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Peckham láti aago mọ́kànlá alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìdajì ṣingọ́ọ̀mù náà kò kúrò, ṣùgbọ́n gbogbo yanrìn tí ó di àárín àwọn òkúta pẹlẹbẹ náà mú ti bá omi lọ, nígbà tí ó sì fi máa di ọjọ́ kẹta, àwọn òkúta ọ̀hún ti ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tí ń kọjá. Owó tí mo fi tún wọn tò ju owó iṣẹ́ lọ. Ẹ̀rọ tí ẹ nílò ni èyí tí ń tu èéfín omi gbígbóná tí ó ju 100°C lọ, tí ipá rẹ̀ kò pọ̀, tí ó sì ní búrọ́ọ̀ṣì kékeré lẹ́nu, kí ẹ lè mú àbààwọ́n náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkejì, ẹ má fi irin ha á.

Ẹ̀kẹta, ẹ má gbé ooru yìí sórí títì ọlọ́dà láìkọ́kọ́ dán an wò ní igun kan, nítorí ọ̀dà náà a máa yọ́.

Ọ̀rọ̀ iye owó tún wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wọn ilẹ̀ nìkan, tí kò ka àbààwọ́n tó wà lórí rẹ̀, yóò ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gba owó ọjọ́ méjì. Ẹ má sì jẹ́ kí omi ìdọ̀tí ṣàn wọ gọ́tà, nítorí ọ̀pọ̀ gọ́tà títì ní ilẹ̀ yìí ń lọ tààrà sínú odò.

Èyí tí ó sì ń bí mi nínú jù ni kí a fọ ilẹ̀ tán kí a sì kó ẹrù lọ, láìkìlọ̀ fún àwọn tí ń tu ṣingọ́ọ̀mù sílẹ̀. Láti ọdún 2005 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ gbangba pé pàǹtírí ni ṣingọ́ọ̀mù, ètò owó ìrànwọ́ tí wọ́n kéde ní 2021, èyí tí àwọn iléeṣẹ́ tí ń ṣe ṣingọ́ọ̀mù ń dá owó rẹ̀, tí Keep Britain Tidy, ẹgbẹ́ aláàánú tí ń gbógun ti ìdọ̀tí, sì ń pín fún àwọn kánsù, wà fún ìfọ̀ àti fún ìkìlọ̀ pọ̀. Nítorí náà, ẹ fi pátákó ìkìlọ̀ kún ètò iṣẹ́ tí ẹ ń gbé lọ bá kánsù, kí ẹ sì kọ́kọ́ gbé e sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń dúró de bọ́ọ̀sì.