Kẹ́ ẹ tó tẹ pátákó yẹn

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ò bi mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Láàrin Station Road sí Ọjà Ọba, ní Òṣogbo wa níbí, mo tún rí ìsọ̀ ìwé àti bírò tí wọ́n kọ “stationary” sára pátákó rẹ̀. Stationary ni ohun tó dúró sójú kan. Ìwé àti bírò, stationery ni. Ẹ rántí envelope: lẹ́tà e ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, e náà ló wà nínú stationery.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni “did he went”. Mo mọ ibi tó ti wá: nínú èdè wa, “lọ” kì í yí padà, ìbáà ṣe lánàá tàbí lónìí. Ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì, tí did bá ti wọlé, òun nìkan ló ru ẹrù àná. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ padà sí bó ṣe wà: did he go, didn't come, did you see. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá a dáadáa nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ àwọn ọmọ yín.

Ti it's àti its kò le. Ẹ fi it is tàbí it has rọ́pò rẹ̀, kẹ́ ẹ kà á sókè. Tó bá lọ geere, ẹ fi àmì sí i. Tí kò bá lọ, ẹ yọ ọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ tẹ pátákó tàbí káàdì ìnáwó, kó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ síbí. Màá bá a kà á, mi ò gba kọ́bọ̀.