Bí Mo Ṣe Kọ Ìtàn Ọkùnrin Tó Ń Di Ìkookò

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wa ní Kubwa, l'Ábùjá, ló ní kí n kọ ìtàn ẹlẹ́rù kan fún àwọn. Mo mú ti ọkùnrin tó ń di ìkookò. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa: ó wà lọ́dọ̀ àwọn Kanuri ní Borno, Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì, sì mẹ́nu bà á nínú ìwé tó ṣe lórí èdè wọn ní 1854. Ẹ̀yìn Bwari, láàárín àwọn òkè olókùúta, ni mo fi tèmi sí.

Ẹnu ta ni ìtàn yóò ti jáde? Ibẹ̀ ni mo ti pẹ́ jù. Bí ẹni tí ẹranko ń lé bá ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀, a ti mọ̀ pé kò kú. Òkú kì í ròyìn. Bí mo bá sì wà lókè bí àwòdì tí mò ń rí gbogbo ilé, àfi kí n tú àṣírí tàbí kí n máa díbọ́n pé n kò mọ̀ ọ́n. Mo wá gbé e sẹ́nu ìyàwó ọkùnrin náà. Ohun tí ojú rẹ̀ tó nìkan ló mọ̀: ilẹ̀kùn tó dún lóru, ẹsẹ̀ ọkọ tó kún fún eruku láàárọ̀, ẹ̀kọ tí ọkọ ò fọwọ́ kàn. Òǹkàwé á ti fura tipẹ́, obìnrin náà á ṣì máa bu omi ìwẹ̀ fún un. Àárín àwọn méjèèjì ni ẹ̀rù ń gbé.

Mo yọ òṣùpá àrànmọ́jú tí àwọn òyìnbó máa ń fi sínú irú ìtàn yìí kúrò. Abẹ́ rẹ̀ ni àwa ti ń pàlọ́, ta ni yóò bẹ̀rù rẹ̀? Ọyẹ́ ni mo lò, èyí tí eruku rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn rí ilé kejì.

Àwòrán ló wá fa àríyànjiyàn. Àbúrò mi ti ya ẹranko náà, eyín ṣọṣọrọ, itọ́ ń kán.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ò bà yín?”

Ó bà mí díẹ̀, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n ojú tó ti rí eyín kò ní nǹkan tí yóò máa rò mọ́. Mo fi iṣẹ́ Lucas Cranach, ayàwòrán ará Jámánì, hàn án lórí fóònù, èyí tó ṣe ní nǹkan bí 1512. Ọkùnrin tó ń di ìkookò nìyẹn, síbẹ̀ kò ní ìrù, kò ní èékánná ẹranko. Èèyàn bí àwa ló ń rákòrò, ọmọ ọwọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀yà ara òkú fọ́n ká ilẹ̀, obìnrin kan ń ké lẹ́nu ọ̀nà ilé.

Àbúrò mi tún tirẹ̀ yà: ipasẹ̀ lórí eruku, ti èèyàn láti ẹnu ọ̀nà, tó ti di ti ẹranko kó tó dé ìdí máńgòrò. Mo fi í sí ẹ̀yìn ewé, nítorí bí àwòrán bá kọjú sí ọ̀rọ̀, ojú á sáré lọ bá a kí ẹnu tó kà débẹ̀.

Ọmọbìnrin tó kà á fún àwọn yòókù dé ìsàlẹ̀ ojú ewé yẹn, ó ní kí ẹlòmíràn wá ṣí i.

Wọ́n ti ní kí n tún un kọ láti ẹnu ọkọ. Ó ṣeé ṣe, bí kò bá rántí ohun tó ń ṣe lóru. Bó bá ń rántí, ìtàn ìbànújẹ́ ni mo máa kọ, kì í ṣe ti ẹ̀rù.