Bí mo ṣe lé ìkùukùu kúrò nínú àpótí kámẹ́rà mi lábẹ́ omi

Tí àárín àwòrán rẹ bá ń funfun bí ẹni pé èéfín bò ó, ka èyí. Lórí ọkọ̀ ojú omi, gbogbo rẹ̀ á mọ́ gaara. Bí mo bá ti wà lábẹ́ omi fúngbà díẹ̀, gíláàsì iwájú àpótí kámẹ́rà (àpótí tí kì í jẹ́ kí omi kan kámẹ́rà) á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti inú, ẹja aláràbarà tó wà lára òkìtì iyùn á sì di òjìji. Tí mo bá padà sínú oòrùn, ìkùukùu náà á pòórá.

Jíjò ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo pààrọ̀ rọ́bà róbótó tó ń dí ẹnu àpótí náà, mo fi gírísì pa á. Kò yí padà. Mo nu gíláàsì náà títí, òfo ni.

Afẹ́fẹ́ tó há sínú àpótí ló fà á. Afẹ́fẹ́ orí òkun kún fún ọ̀rinrin. Kámẹ́rà tó ń ṣiṣẹ́ ń mú un gbóná, omi òkun ń mú gíláàsì tutù, ọ̀rinrin náà á sì di ìkùukùu sára gíláàsì.

Ní báyìí, inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ ni mo ti ń pa àpótí náà dé, pẹ̀lú àpò kékeré silica gel (èròjà tó ń fa ọ̀rinrin mu) tó gbẹ dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. (Má jẹ́ kó há mọ́ rọ́bà o, omi á wọlé lóòótọ́!) N kì í ṣí i mọ́ títí màá fi jáde nínú omi. Lórí ọkọ̀, inú báàfù omi tútù ló ń wà. Àwòrán mi ti mọ́ látìgbà náà.

Mi ò fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo àpótí ló máa gbọ́. Tí o bá rí omi nísàlẹ̀ tìrẹ, jíjò nìyẹn, má gbé e wọ omi mọ́.