Bí a ṣe ń fi géèmù ṣe eré ìdárayá nílé lẹ́yìn rọpárọsẹ̀

Ẹni tó bá ń ti Mọníyà wọ mọ́tò lọ bá àwọn físíò (àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara tó rọ) ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn mọ̀ pé wàhálà ọ̀nà nìkan tó láti mú aláìsàn jáwọ́. Géèmù tí a ń fi gbogbo ara ṣe lè máa bá iṣẹ́ lọ nílé títí ọjọ́ ìpàdé mìíràn á fi dé. Kò gba ipò físíò o.

Nítorí náà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bi: ìṣe wo, ẹ̀ẹ̀melòó, èwo ni kí a yẹra fún? Ẹni tó bá ní wárápá, kó sọ ọ́, torí iná tó ń ṣẹ́jú lójú tẹlifíṣàn lè gbé e dìde.

Ẹ wá yan ẹ̀rọ. Wii Balance Board, pátákó géèmù tí a ń dúró lé, ti pẹ́, ọdún 2007 ló jáde, ṣùgbọ́n ó ṣì wúlò fún ẹni tó ń kọ́ ìdúró: ó máa ń fi ẹsẹ̀ tí ẹ gbára lé jù hàn. Ring Fit Adventure, géèmù orí ẹ̀rọ Nintendo Switch, ní òrùka tí a ń fún pọ̀ àti okùn tí a ń so mọ́ itan. Ẹni tí kò tíì lè dá dúró, kó má fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ká rọ́ọ̀gì kúrò nílẹ̀, ẹ bọ́ sálúbàtà. Ẹ fi àga tó wúwo ti ògiri, sí ẹ̀yìn aláìsàn. Ẹ ti gba iná sínú Switch kí NEPA tó mú un lọ. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kẹ́ ẹ sì fi ìjókòó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó le nìyí. Ẹ̀rọ á fún yín ní máàkì, kò mọ̀ pé èjìká lẹ fi gbé ọwọ́ tó kọ̀ tí kò gbéra, tàbí pé ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Kí ẹnì kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ tó rọ, kó máa wo èjìká àti ìbàdí, kó má wo tẹlifíṣàn rárá. (Àwọn ọmọ ilé ò lè ṣe é, géèmù ni wọ́n á máa wò.) Bí ara bá ti ń wọ́, ẹ dá a dúró, ẹ dín ìpele kù.

Bí òyì bá ń kọ́ni tàbí àyà ń dunni, ẹ pa géèmù náà. Bí ẹnu bá wọ́ tàbí ọ̀rọ̀ ń lọ́, ilé ìwòsàn ní kíá.

Ẹ kọ máàkì ojoojúmọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ kọ ibi tó ń ro yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí máàkì bá ń gòkè, tí èjìká náà sì ń ro yín sí i, ẹ fi ìwé náà han físíò kó yí ìṣe padà.