Bí A Ṣe Ń Ṣe Gìtá Oníná Tí Inú Rẹ̀ Ṣófo Lápá Kan, Fún Ẹni Tí Kò Ṣe É Rí

Ẹni tó bá ti gbé gìtá tí gbogbo inú rẹ̀ ṣófo dúró síwájú sípíkà ńlá rí mọ igbe tí ó máa ń ké. Ohùn tó ń jáde láti inú sípíkà yóò gbọn ojú gìtá, ojú gìtá yóò gbọn okùn, okùn yóò tún dá ohùn náà padà sínú sípíkà, yóò sì máa yí po bẹ́ẹ̀ títí yóò fi di híhan tí kò gbọ́ "ó tó". Gìtá tí kò ní ihò nínú rárá kì í sábà ké bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan a máa sọ pé ohùn rẹ̀ gbẹ jù. Láàárín àwọn méjèèjì ni èyí tí a fẹ́ ṣe yìí wà: odindi igi ló gba àárín ara rẹ̀ kọjá láti ìdí ọrùn dé ìsàlẹ̀, bí eegun ẹ̀yìn, ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì nìkan la sì gbẹ́ nínú.

Onígìtá kan tó ń jẹ́ Les Paul ti dán irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1940: ìtì igi onígun mẹ́rin ló fi ṣe àárín, ó wá la ara gìtá kan sí méjì, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó lè jọ gìtá lójú ènìyàn. Ní 1958, ilé iṣẹ́ Gibson gbé gìtá tí wọ́n pè ní ES-335 jáde, pẹ̀lú eegun ẹ̀yìn láàárín rẹ̀, ojú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ bí ikùn díẹ̀. Ọ̀nà ti Gibson yìí gba pé kí a fi ooru tẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ fún ẹ̀gbẹ́ gìtá, kí a sì ní ohun èlò tí a ó fi tẹ ojú rẹ̀ yọ, èyí tí kò sí nílé ọ̀pọ̀ wa. Ní 1968, ilé iṣẹ́ Fender gbé gìtá Telecaster Thinline jáde ní tiwọn: inú odindi pákó ni wọ́n gbẹ́, wọ́n sì fi pákó fẹ́ẹ́rẹ́ dé e. Irú èyí ni ẹni tí kò ṣe gìtá rí lè ṣe yọrí. Ibi tí èmi yàtọ̀ sí wọn ni pé ẹ̀yìn ni wọ́n gbà gbẹ́ tiwọn. Iwájú ni mo ní kí ẹ gbà, nítorí ó rọrùn láti rí ohun tí ẹ ń ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ ra ọrùn

Kí ẹ tó ra pákó pàápàá, ẹ ra ọrùn, nítorí ara rẹ̀ ni a ó ti máa wọn gbogbo nǹkan yòókù. Mo ní kí ẹ rà á, n kò ní kí ẹ gbẹ́ ẹ. Lórí gìtá tí okùn rẹ̀ gùn tó mìlímítà 648 láti nọ́ọ̀tì (ibi tí okùn gbé ń sinmi lókè ọrùn) dé bíríìjì (ibi tí okùn gbé ń sinmi lára gìtá), a ó fi 17.817 pín 648, a ó sì rí 36.37; ibẹ̀ ni fúrẹ́ẹ̀tì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn) kìn-ín-ní yóò wà. Iye tó kù, 611.63, ni a ó tún fi 17.817 pín kí a tó mọ àyè ti èkejì, bẹ́ẹ̀ ni a ó sì máa bá a lọ títí ìkejìlá yóò fi bọ́ sórí 324 gééré, èyí tí í ṣe ìdajì ọ̀nà. Bí ayùn bá fi ìdajì mìlímítà péré yẹ̀ níbi mélòó kan nínú iṣẹ́ náà, gìtá tí kò ní bá dùùrù mu láéláé lẹ ó fi gbé ilé. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn ti bá yín ṣe wàhálà yẹn. Ẹ ra irú ọrùn tí a ń fi súkúrù mẹ́rin dè mọ́ ara, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 56.

Bíríìjì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí a ń dè mọ́ ojú igi tààrà, ni kí ẹ rà mọ́ ọn. Bíríìjì tó dúró lórí òpó méjì, bíi ti ES-335, rẹwà lóòótọ́, àmọ́ gíga rẹ̀ ń béèrè pé kí ọrùn dà sẹ́yìn díẹ̀, ìwọ̀n dídà náà kò sì ṣeé fojú dá.

Igi

Inú mi máa ń dùn tí mo bá dé apá yìí, nítorí igi tí Gibson pè ní korina nígbà tí wọ́n fi ṣe gìtá Flying V àti Explorer ní 1958, tí àwọn tó ń kó gìtá jọ ń fi owó gọbọi wá kiri lónìí, afàrà funfun lásán ni. Ẹ lè rí i rà ní ọjà pákó bíi ti Bódìjà n'Íbàdàn. (Àmì ohùn ṣe pàtàkì níbí: afàrà ni igi, afárá ni èyí tí a ń gbà kọjá odò, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe ibi tí okùn gbé ń sinmi ní bíríìjì, bí àwọn olórin ti ń pè é.) Ọ̀gánwó náà dára, ó kàn wúwo jù ú lọ. Arère fúyẹ́ púpọ̀, ó sì rọrùn láti gbẹ́, ṣùgbọ́n ó rọ̀ débi pé èékánná lè há a lójú. Ìrókò kò wù mí fún iṣẹ́ yìí: ó wúwo, ẹ̀kù rẹ̀ sì máa ń ta ènìyàn nímú àti lójú. Igi yòówù kí ẹ yàn, ẹ bo imú yín dáadáa tí ẹ bá ń gé e tàbí tí ẹ bá ń fi sáńpépà ha á.

Gbígbẹ igi náà ṣe pàtàkì ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ẹni tó tà á fún yín yóò sọ pé ó ti gbẹ, ó sì lè jẹ́ pé òótọ́ ló rò pé òun ń sọ. Ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé níbi tí oòrùn kò ti lè tà á, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa kọ iye rẹ̀ sára rẹ̀. Ìgbà tí iye náà kò bá tíì yí padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kí ẹ tó fi ayùn kàn án. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní àkọ́kọ́. Oṣù keje, láàárín òjò, ni mo lẹ ojú gìtá mi àkọ́ṣe. Nígbà tí ọyẹ́ dé ní oṣù kejìlá, mo gbọ́ ohùn kan ní òru bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi ìdáná, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ ti là láti ẹnu ihò rẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

Pákó méjì ni ẹ nílò fún ara, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mìlímítà 500, kí ó fẹ̀ tó 180, kí ó sì nípọn tó 40. Ẹ fá etí wọn títí yóò fi jẹ́ pé bí ẹ bá kó o pọ̀ tí ẹ sì gbé e síwájú iná, ìmọ́lẹ̀ kò ní gba àárín wọn kọjá, kí ẹ wá fi gọ́ọ̀mù káfíńtà lẹ̀ wọ́n pọ̀. Fún ojú rẹ̀, ẹ wá pákó tí wọ́n ti fá dé mìlímítà 6. Pílááwúdù dídára náà ṣe é lò, kì í sì í tètè là bí ọyẹ́ bá dé. Gibson alára, pákó alápapọ̀ ló fi ṣe ojú ES-335.

Ìlà àárín

Ẹ fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní àárín gbùngbùn pákó náà, kí ẹ fa á níwájú, kí ẹ fa á lẹ́yìn, kí ẹ sì gbé e gba orí àti ìdí rẹ̀ kọjá. Ẹnu ọ̀bẹ ni kí ẹ fi fà á, nítorí lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé máa ń parẹ́. Ọrùn, bíríìjì, píkọ́ọ̀pù (ohun tó wà lábẹ́ okùn, tó ń sọ gbígbọ̀n okùn di iná) àti eegun ẹ̀yìn, gbogbo wọn pátá, ara ìlà yìí ni a ó ti wọ̀n wọ́n. Ẹ ya àwòrán gìtá náà sórí pépà ńlá ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí ẹ gbé ọrùn tí ẹ rà lé e lórí, kí ẹ wọn nọ́ọ̀tì dé fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá fúnra yín. Bí ẹ bá sọ ìwọ̀n náà di ìlọ́po méjì, ibẹ̀ ni bíríìjì ń lọ. Ẹ má gba ohun tí ẹni tó tà á kọ sára páálí gbọ́.

Gbígbẹ́ inú rẹ̀

Ẹ má tíì gé pákó náà sí ìrísí gìtá, nítorí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kílám̀pù yóò fi rí ibi dì mú. Ẹ fi mìlímítà 50 sílẹ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan ìlà àárín, kí eegun ẹ̀yìn lè fẹ̀ tó 100. Ẹ fi 12 sílẹ̀ fún ògiri ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fi 6 sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu dírílì tó fẹ̀, tí ìdí rẹ̀ tẹ́, lu ihò tó sún mọ́ra wọn, kí ẹ ti lẹ téèpù mọ́ irin rẹ̀ níbi mìlímítà 30 kí ó má baà jìn kọjá ibẹ̀. Ẹ wá fi ráúńtà, ẹ̀rọ oníná tí a fi ń gbẹ́ igi, tẹ́ ìdí rẹ̀ dé 34, díẹ̀díẹ̀, kí ìgbà kan má ju mìlímítà 5 lọ. Bí ẹ bá ti ń jìn sí i, ẹ máa fi ìka kan ìsàlẹ̀ ihò náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò dún bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Bí ó ti ń fẹ́lẹ́ sí i, ohùn rẹ̀ yóò máa rẹlẹ̀ bọ̀ bí ìlù tí wọ́n ń dẹ awọ rẹ̀. Etí yín yóò ti mọ̀ kí rúlà tó mọ̀.

Nísinsìnyí, kí ẹ tó dé e, ẹ ronú nípa wáyà. Láti ibi tí píkọ́ọ̀pù yóò wà, wáyà gbọ́dọ̀ gba inú eegun ẹ̀yìn lọ sí ihò apá ọ̀tún, níbi tí fọ́lúùmù àti tóònù, àwọn kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń yí bí ohùn ṣe pọ̀ tó àti bí ó ṣe mú tó, yóò wà. Ẹyọ kan tún gbọ́dọ̀ wá láti abẹ́ bíríìjì. Ẹ lu ọ̀nà wọ̀nyí nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Ẹ gé ìdérí kékeré sẹ́yìn ihò apá ọ̀tún náà pẹ̀lú. Àwọn tí kì í gé e, ẹnu ihò f, ihò ojú gìtá tó dà bíi lẹ́tà f, ni wọ́n máa ń gbà fi òwú fa fọ́lúùmù wọlé, bí ẹni ń fi ìwọ̀ dẹ ẹja nínú kànga.

Dídé ojú rẹ̀

Apá òsì, níhà okùn tó nípọn, ni ihò f tiwa yóò wà. Ẹ lẹ téèpù mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn pákó náà kí etí rẹ̀ má baà ṣán, ẹ lu ihò róbótó sí òkè àti ìsàlẹ̀ àmì náà, kí ẹ wá fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé èyí tó so wọ́n pọ̀. Ẹ fi fáńíṣì kun inú gìtá níbi tí ojú yóò ti máa rí i, ṣùgbọ́n kí fáńíṣì má kan ibi tí gọ́ọ̀mù ń bọ̀.

Gọ́ọ̀mù tútù máa ń yọ̀, pákó yóò sì sún kúrò láyè rẹ̀ bí ẹ bá ti ń fún kílám̀pù. Nítorí náà, ẹ kan ìṣó wẹ́wẹ́ méjì sórí ìlà àárín, ní ibi tí a ó gbẹ́ fún píkọ́ọ̀pù, kí ẹ gé orí wọn, kí ẹ sì tẹ pákó ojú mọ́ wọn láti mú un dúró. Ẹ yọ wọ́n kí ẹ tó gbé ráúńtà débẹ̀. Ẹ pa gọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi kílám̀pù yí i ká. Bí gọ́ọ̀mù bá rú jáde wẹ́wẹ́ ní gbogbo etí rẹ̀ bí òógùn, ó tó. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24, kí ẹ tó gé e sí ìrísí gìtá.

Ọrùn àti bíríìjì

Ihò ọrùn jìn tó mìlímítà 16. Bí ó bá ṣe déédéé, ẹ ó lè di ọrùn mú, kí ẹ gbé gbogbo gìtá sókè láìsí súkúrù kankan, kí ara rẹ̀ má sì já bọ́. Ẹ fi ọṣẹ pa ẹnu súkúrù kí ó lè wọlé wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ ta òwú méjì láti nọ́ọ̀tì dé orí bíríìjì tí ẹ kò tíì dè, ní àyè okùn tó wà létí méjèèjì. Bí àyè tó wà láàárín òwú àti etí ọrùn kò bá dọ́gba ní ọ̀tún àti ní òsì, ẹ sún bíríìjì títí yóò fi dọ́gba. Okùn kọ̀ọ̀kan ní ìjókòó tirẹ̀ lórí bíríìjì, èyí tí a lè fà síwájú tàbí sẹ́yìn. Kí ìjókòó okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lè wà ní 648 nígbà tí ẹ bá fà á síwájú dé òpin, nítorí ẹ̀yìn ni gbogbo wọn yóò padà sí: nǹkan bíi mìlímítà 2 fún èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, 4 tàbí 5 fún èyí tó nípọn jù.

Iná, ọ̀dà àti okùn

Ẹ ha ara rẹ̀ pẹ̀lú sáńpépà 120, lẹ́yìn náà 180, 240 àti 320, kí ẹ tọ ipa igi. Ẹ lè gbé fáńíṣì rẹ̀ fún àwọn tó ń fín àga. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju èmi lọ.

Píkọ́ọ̀pù olókùn-ìdì méjì a máa lo fọ́lúùmù àti tóònù 500k, pẹ̀lú kàpásítọ̀ 0.022 mákírófárádì. Wáyà abẹ́ bíríìjì ni kí ẹ jó mọ́ ẹ̀yìn fọ́lúùmù. Òun ni kì í jẹ́ kí gìtá máa kùn nígbà tí ọwọ́ yín bá wà lára okùn. Kí ẹ tó ta okùn, ẹ so gìtá mọ́ ẹ̀rọ sípíkà rẹ̀, kí ẹ fi ẹnu súkúrù-díráfà kan píkọ́ọ̀pù wò. Bí ó bá dún "kó", iná ti dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ta okùn, kí gíga rẹ̀ lórí fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 2 fún okùn tó nípọn jù, 1.6 fún èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ẹ fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lókè fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá kí ó dún bí agogo, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ fúrẹ́ẹ̀tì náà kí ẹ tún ta á. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga ju ti agogo lọ, ẹ fa ìjókòó okùn náà sẹ́yìn. Bí ó bá rẹlẹ̀, ẹ fà á síwájú. Ọrùn yóò tún yí díẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá dé àti nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ yí ọ̀pá irin inú rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan péré, kí ẹ gbé gìtá náà kọ́, kí ẹ sì dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án.