Bí ẹ ṣe lè gba owó ìwádìí TETFund ní Òṣogbo, kí ẹ sì ná an kó ṣe ìpínlẹ̀ láǹfààní

Inú èrè àwọn ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń yọ owó TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fi owó ran ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́. Òfin 1993 ló dá owó-orí ẹ̀kọ́ sílẹ̀, òfin 2011 ló sọ àjọ tó ń bójú tó o di TETFund. Náírà 2 nínú 100 èrè ni wọ́n ń gbà níbẹ̀rẹ̀. Ó di 2.5, ó tún di 3 ní 2023. Òfin owó-orí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2025 wá pa á pọ̀ mọ́ àwọn owó mìíràn láti 2026: ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe kékeré ń san náírà 4 nínú 100, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti TETFund. Ilé-iṣẹ́ tó bá jèrè ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà ti gbé mílíọ̀nù 2 kalẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga nìyẹn. Owó aráàlú ni, kì í ṣe ẹ̀bùn, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń bẹ yín pé kí ẹ má jẹ́ kó ṣòfò.

Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló lè gbà á. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa, àwọn bíi UNIOSUN, yunifásítì ìpínlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, Poli Ìrèé, Ẹ̀sà-Òkè, Poli ìjọba àpapọ̀ ní Ẹdẹ àti OAU ní Ilé-Ifẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ti aládàáni kò sí nínú rẹ̀. Àmọ́ kí ẹ lè rí ohun tí owó ìwádìí tó tó lè ṣe, ẹ wo Redeemer's University ní Ẹdẹ, tí kò jìnnà sí Òṣogbo rárá. Owó Báńkì Àgbáyé fún àwọn ibùdó ìmọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ohun tí wọ́n fi gbé ACEGID, ibùdó ìwádìí àbùdá àwọn kòkòrò àrùn, ró níbẹ̀. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, láàbù yẹn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ka àbùdá kòkòrò náà ní Áfíríkà, nítorí pé ẹ̀rọ àtàwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n lò ti wà nílẹ̀ kí àìsàn tó dé.

Ẹ kọ́kọ́ lọ bá desk officer TETFund, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ TETFund ní ilé-ẹ̀kọ́ yín. Ọ̀nà méjì ló máa sọ fún yín. IBR ni owó kékeré tí ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń yẹ̀ wò kó tó lọ sí Àbújá. NRF ni owó ńlá tí àwọn olùkọ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè jọ ń dù: concept note, ìyẹn àkọsílẹ̀ ṣókí nípa ohun tí ẹ fẹ́ ṣèwádìí lé lórí, ló ṣáájú, ẹni tó bá yege ni wọ́n máa ní kó kọ ìwé àbá tó kún. Ẹni tí kò gba owó ìwádìí rí, IBR ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba ìwé ìlànà ọdún náà gan-an, torí iye owó tí wọ́n ń fúnni máa ń yí padà.

Ìṣúná ni ọ̀pọ̀ ìwé àbá ti ń ṣubú. Ẹ jẹ́ ká fi odò Ọ̀ṣun ṣe àpẹẹrẹ. Látìgbà tí àwọn awakùsà ti ń fọ góòlù lápá òkè odò nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni omi náà ti dà bí omi amọ̀, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń bù ú mu lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun. Ká ní ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá òjé àti mákíúrì wà nínú rẹ̀. Ibi 6 lẹ ó ti bu omi, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, fún oṣù 12, ìgò 3 níbi kọ̀ọ̀kan: ìgò 216. Ẹ fi ìgò omi mímọ́ kan kún un lóṣooṣù, èyí tí ẹ ó gbé lọ gbé bọ̀ láti mọ̀ bóyá ìdọ̀tí ọwọ́ yín ló wọlé: ó di 228. Ìgò ike dára fún òjé, ṣùgbọ́n gíláàsì ni kí ẹ lò fún mákíúrì, torí náà ìlọ́po méjì ni, 456. Ẹni tó kọ "ìgò, 200" sínú ìṣúná yóò dúró ní àárín ọdún.

Ní etí odò gan-an ni kí ẹ ti kán nitric acid sínú omi náà títí pH rẹ̀ (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) á fi lọ sísàlẹ̀ 2. Bí ẹ bá gbàgbé, òjé á lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ̀rọ á sì kà á kéré ju bó ṣe wà lódò. Ẹ gbé e sínú kúlà oní-yìnyín. Ọjọ́ 28 ni mákíúrì ní kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Òjé lè dúró tó oṣù 6. Bí láàbù bá ní kí ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀, ẹ tètè wá ibòmíràn.

Ẹ bi láàbù léèrè irú ẹ̀rọ tí wọ́n ní kí ẹ tó kọ iye owó. Ìlànà omi mímu ilẹ̀ wa gba òjé láàyè dé 0.01 mílígíráàmù nínú lítà kan, mákíúrì dé 0.001. AAS (ẹ̀rọ tó ń wọn irin inú omi) tó ń lo ọwọ́ iná kò fi bẹ́ẹ̀ rí òjé tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ìwé àbájáde á kọ "a kò rí i", aráàlú á sì rò pé omi ti mọ́, nígbà tó jẹ́ pé ojú ẹ̀rọ ni kò ríran tó. Graphite furnace (oríṣi AAS tó ní ààrò kékeré) ló yẹ fún òjé, cold vapour (èyí tó ń sọ mákíúrì di oru) fún mákíúrì. Owó IBR kò lè ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sanwó àyẹ̀wò fún láàbù tó ní in. Tó bá jẹ́ tiyín ni ẹ̀rọ náà, ẹ kọ gáàsì argon, stabilizer àti epo jẹnẹrétọ̀ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eruku ló máa bò ó.

Igbó Ọ̀ṣun wà lábẹ́ àjọ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀, UNESCO sì ti fi í sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Ẹ gba ìwé àṣẹ wọn, kí ẹ sì lọ kí Ìyá Ọ̀ṣun àti ààfin Àtáọ́jà kí ẹ tó gbé ìgò wọbẹ̀. Bí ẹ bá máa gba ẹ̀jẹ̀ tàbí irun lára èèyàn, ìwé ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín ṣáájú.

Ẹ kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ Másítà kan, ó kéré tán, sínú ìṣúná, pẹ̀lú owó ọkọ̀ rẹ̀ àti owó àyẹ̀wò tó máa fi kọ ìwé ìwádìí rẹ̀. Èyí la kà sí èrè tó tóbi jù fún ìpínlẹ̀. Ìgò á fọ́, ẹ̀rọ á gbó, ṣùgbọ́n ẹni tó ti bu omi fún oṣù 12, tó sì mọ ìdí tí àbájáde oṣù kan fi ṣàjèjì, yóò wúlò fún ilé-iṣẹ́ omi tàbí kíláàsì sáyẹ́ǹsì ní ọgbọ̀n ọdún sí i.

Díẹ̀díẹ̀ ni owó máa ń wọlé. Ẹ kò ní rí èkejì láìjẹ́ pé ẹ ti fi rìsíìtì ṣàlàyé àkọ́kọ́. Ọlọ́kadà kì í ní rìsíìtì: ẹ tẹ fọ́ọ̀mù kékeré tó ní ọjọ́, ibi tí ẹ lọ, iye owó àti ìbuwọ́lùwé rẹ̀, kó sì bu ọwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe gbé owó láti orí ìlà ìṣúná kan sí òmíràn láìkọ̀wé gba àṣẹ, bó ti wù kí owó ọjà lé tó. Ọ́díìtọ̀ kò ní bi yín bóyá iṣẹ́ náà dára. Yóò bi yín pé ìwé dà.

Bí àbájáde bá dé, kí ẹ tó ronú nípa jọ́nà (ìwé tí àwọn onímọ̀ ń tẹ ìwádìí jáde sí), ẹ kọ ojú ìwé méjì ní Yorùbá. Ibi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni kí ẹ dárúkọ, kí ẹ sì sọ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan iye òjé àti mákíúrì tí ẹ rí, iye tí òfin gbà, àti oṣù tó burú jù. Ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ àyíká ìpínlẹ̀, ọ̀kan sí ààfin, ọ̀kan sí àwọn apẹja tí ẹ bá pàdé létí odò, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù yín sísàlẹ̀ fún ẹni tó bá ní ìbéèrè.